Ojú-ìwé ṣí, àárín rẹ̀ funfun báláú: fóònù ń gbé e, kọ̀ǹpútà kò gbé e

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | Ọjọ́rú, 9:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Abèèrè kì í ṣìnà ló gbé mi wá.

Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan ní Ṣakí. Fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ló ń mówó wọlé jù níbẹ̀: àwọn ọmọ á wá, a ó bá wọn kọ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí mi ò ní dárúkọ, ti sọ mí di aláìríṣe. Tí mo bá ṣí líńkì wọn lórí kọ̀ǹpútà, orí ojú-ìwé á jáde, àmì ilé-ẹ̀kọ́ á jáde, ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí náà á jáde. Àárín, níbi tí fọ́ọ̀mù gan-an yẹ kó wà, funfun báláú. Òrùka kékeré kan á máa yí bírí-bírí níbẹ̀, kò ní dúró, kò sì ní mú nǹkan kan wá.

Èyí tó wá tojú sú mi ni pé fóònù mi ń ṣí i dáadáa. Dátà fóònù yẹn kan náà ni mo sì ń pín fún àwọn kọ̀ǹpútà! Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Google ń ṣí, Facebook ń ṣí, ìmeèlì ń wọlé. Àwọn oníbàárà ti ń gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin | 9:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Delete, ẹ yan «All time», ẹ fi àmì sí gbogbo àpótí tó wà níbẹ̀, kí ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Bí kò bá lọ, ẹ yọ Chrome kúrò pátápátá kí ẹ wá tún un fi sí. Ó máa ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 9:41 àárọ̀

@Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin àbúrò, rọra. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń sọ yìí. Tí wọ́n bá fi àmì sí gbogbo àpótí, pásíwọọ̀dù tí Chrome bá wọn fi pamọ́ á lọ, gbogbo ibi tí wọ́n ti wọlé á lé wọn jáde, fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ dé ìdajì fún oníbàárà lè bá a lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà ńkọ́? Ti yíyọ Chrome kúrò ni mo kọ̀ jù. Ọ̀gá mi, ẹ má dán an wò títí a ó fi mọ irú Windows tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Mo rí ẹni tó yọ ọ́ kúrò ní Computer Village níbí, tí tuntun kọ̀ láti wọlé, tó wá ń wá ti àtijọ́ kiri.

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Dátà kan náà ni fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, fóònù sì ń gbé e. Ìyẹn ni pé nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ̀bi, server ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wọn wà lórí rẹ̀, kò sì kú. Tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì ni, àwọn méjèèjì ni ì bá jọ ṣàárẹ̀. Ẹ rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lápá Abidjan: kò sí pé fóònù ni àbí kọ̀ǹpútà, gbogbo wa la jọ ń wo òrùka. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ojú-ìwé yẹn àti browser tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn Chrome yín, ni ìjà wà.

Nítorí náà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+N. Fèrèsé dúdú á jáde. Ẹ lẹ líńkì náà mọ́ ibẹ̀. Fèrèsé yìí kì í lo ohun tí browser ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn extension, ìyẹn àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí a so mọ́ browser, kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àfi tí ẹ bá dìídì gbà wọ́n láyè. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣí níbẹ̀, a mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Nígbà náà ni a ó wá pa nǹkan rẹ́, ti ìkànnì yẹn nìkan, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bí kò bá ṣí, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́.

Bàbá_Taípù | 10:05 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ẹ ti wo aago kọ̀ǹpútà yẹn? Kì í ṣe aago nìkan, ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Bátìrì róbótó kan wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tábìlì, CR2032 ni wọ́n ń kọ sí i lára. Òun ló ń bá ẹ̀rọ rántí ọjọ́ nígbà tí iná kò bá sí. Nílé wa níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì yẹn máa ń kú, kọ̀ǹpútà á wá gbà pé ọdún tí wọ́n ṣe òun la ṣì wà. Gbogbo ìkànnì tó bá ní àmì àgádágodo ló máa kọ̀ láti ṣí, nítorí ìwé-ẹ̀rí wọn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Owó bátìrì yẹn kò tó nǹkan.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 10:18 àárọ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni bàbá sọ, ẹ ṣeun sà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá bá mi. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti yí, ojú-ìwé náà kò ní ṣí ìdajì. Chrome á gbé ìkìlọ̀ dí gbogbo ojú yín, á kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID sábẹ́ rẹ̀, Google àti Facebook náà kò sì ní ṣí. Tiwọn ń ṣí.

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | 11:02 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lo fèrèsé dúdú yẹn: bákan náà ni. Ọjọ́ pé, ọdún pé. N kò ní extension kankan. Òrùka ṣì ń yí o.

ÌyáÌbejì_Peckham | 11:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ìkànnì ọ́fíìsì kan nílé kọ̀ láti ṣí fún mi rárá, «403 Forbidden» ló kọ. Àbúrò mi ní Ọ̀ṣogbo ṣí i wẹ́rẹ́. Ṣé irú èyí náà ni?

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 11:44 àárọ̀

Rárá ma, tiyín yàtọ̀. 403 túmọ̀ sí pé server gbọ́ ìbéèrè yín, ó wo ojú yín, ó ní òun kò ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ìkànnì kan nílé máa ń ti àdírẹ́sì òkèèrè mọ́ta nítorí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kọ́ ló bàjẹ́, ẹ má wulẹ̀ yí ohunkóhun padà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín tó wà nílé bá yín ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà VPN, èyí tó ń mú kó dà bíi pé ibòmíràn lẹ wà, ẹ má tẹ nọ́ńbà NIN tàbí pásíwọọ̀dù yín gba inú VPN ọ̀fẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín.

Akọ̀wé_Kóòdù | 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. @Oníkáfẹ̀_Ṣakí, kíkọ ìkànnì ni iṣẹ́ mi, ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí browser fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti ń sọ ọ́ látàárọ̀, ibi tó ń sọ ọ́ sí ni kò hàn sí wa.

Ẹ ṣí ojú-ìwé fọ́ọ̀mù yẹn, kí ẹ tẹ F12. Lórí láptọ́ọ̀pù mìíràn, Fn+F12 ni. Bó bá ṣì kọ̀, Ctrl+Shift+I. Pátákó kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí nísàlẹ̀. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ «Console» sí. Ẹ fi pátákó náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá tẹ F5 kí ojú-ìwé tún ara rẹ̀ gbé wá. Ohun tó bá jáde ní lẹ́tà pupa ni kí ẹ dà síbí. Tí yẹ́lò ẹ fi sílẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ «Network» lórí pátákó yẹn kan náà, kí ẹ tún tẹ F5. Gbogbo nǹkan tí ojú-ìwé náà ń béèrè á máa tò wálẹ̀, nọ́ńbà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. 200 túmọ̀ sí pé ó dé láìléwu. 404, kò sí níbi tí wọ́n ní kó wà. 500 sókè, server ló ṣubú. Bó bá jẹ́ ERR_BLOCKED_BY_CLIENT, ohun kan lórí kọ̀ǹpútà yín ló dì í lọ́nà, èyí tó ń dènà ìpolówó ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ ERR_NAME_NOT_RESOLVED, kò rí ẹni tó júwe ilé fún un, DNS nìyẹn. Ẹ sọ èyí tí ẹ bá rí.

Ìkẹta, ẹ tẹ Ctrl+U, kí ẹ wo ohun tó wà láàárín ìwé náà.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn lẹ́tà pupa, ẹ máa kà wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ má lẹ kóòdù kankan mọ́ inú Console nítorí pé ẹnì kan ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ èmi. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà jí àkáǹtì ènìyàn nìyẹn.

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | 1:08 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ ṣeun. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn wà rárá, láti ọjọ́ tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà. Ìlà pupa kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀:

`Uncaught TypeError: e.toSorted is not a function`
`at main.js:2:48117`

Ní Network, 200 ni gbogbo wọn, kò sí ìkankan tó pupa. Ní Ctrl+U, orí ojú-ìwé wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láàárín kò ju èyí lọ:

`<div id="root"></div>`

Akọ̀wé_Kóòdù | 1:20 ọ̀sán

Á à. Ẹ dákun, ẹ tẹ chrome://version sí ibi tí ẹ ń kọ àdírẹ́sì sí. Nọ́ńbà wo ló wà níwájú? Windows wo ni?

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | 1:26 ọ̀sán

109 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Windows 7. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Akọ̀wé_Kóòdù | 2:03 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí fọ́ọ̀mù yìí nìkan kọ́ ló máa ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, server máa ń kọ ojú-ìwé parí kó tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀pọ̀ ìkànnì kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àpótí òfìfo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n á fi JavaScript, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú browser, tẹ̀lé e, JavaScript yìí ni yóò wá to fọ́ọ̀mù sínú àpótí nígbà tó bá dé inú browser yín. `<div id="root"></div>` tí ẹ rí yẹn ni àpótí òfìfo ọ̀hún. Orí àti ìsàlẹ̀ wà nínú ohun tí server fi ránṣẹ́, ìyẹn lẹ ṣe ń rí wọn. Àárín kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí JavaScript bá ṣubú kó tó dé ìdí iṣẹ́, àpótí á wà lófìfo, òrùka á sì máa yí títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí JavaScript tó ṣubú yẹn náà ló yẹ kó sọ fún òrùka pé kó dúró.

Kí ló wá gbé e ṣubú? Mo gba líńkì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo ṣí main.js, fáìlì JavaScript wọn, fúnra mi, mo ní kí Chrome tò ó ní ìlà-ìlà, mo wá ibi tí toSorted wà. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ibi tí wọ́n ti ń to orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ní A-B-D ni! Ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n fẹ́ kí Atisbo ṣáájú Saki East, kí Saki East ṣáájú Saki West. Iṣẹ́ kékeré yẹn ló dá gbogbo fọ́ọ̀mù dúró.

toSorted jẹ́ iṣẹ́ tuntun nínú JavaScript. Chrome 110 ni ó ti kọ́kọ́ wọ Chrome. 109 ni tiyín. Nọ́ńbà kan péré ló kù! Kì í sì í ṣe pé ẹ kọ̀ láti mú un wá sí tuntun: 109, tó jáde ní oṣù Kíní 2023, ni Chrome tí Google ṣe kẹ́yìn fún Windows 7 àti 8.1. 110 tó jáde ní 7 oṣù Kejì ọdún náà kò gbà ju Windows 10 sókè lọ. Kọ̀ǹpútà yín dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Fóònù yín ní tirẹ̀ ń gba Chrome tuntun, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé e.

Ìwòsàn ti ọ̀sán yìí: ẹ gba Firefox 115 ESR (ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́) láti ìkànnì Mozilla, àwọn tó ń ṣe Firefox. Òun ni Firefox tó gbẹ̀yìn fún Windows 7. Ó jáde ní oṣù Keje 2023, 115 yìí gan-an sì ni toSorted kọ́kọ́ wọ inú Firefox. Firefox 114 ì bá ṣubú síbi kan náà. Ẹ fi sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ná, kí ẹ dán fọ́ọ̀mù wò. Kò ní fọwọ́ kan Chrome yín.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 2:20 ọ̀sán

Àǹtí, ọwọ́ yín le! @Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin, ṣé o rí i báyìí? Ká ní wọ́n yọ Chrome kúrò láàárọ̀, tí wọ́n lọ gba tuntun, tuntun á ní Windows 7 kò tó òun gbé. Wọn ì bá má ní fọ́ọ̀mù, wọn ì bá má sì ní Chrome.

Bàbá_Taípù | 2:31 ọ̀sán

Mo ní ìbínú díẹ̀ o, ẹ gbà mí láyè. Windows 7 lèmi náà ń lò, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa, kò dá mi lágara rí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń lé wa bí adìyẹ? Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ní kí ọmọ kọ, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú. Ṣé ìyẹn ló fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun?

Agbèjà_Microsoft | 2:44 ọ̀sán

Bàbá, ẹ má bínú. 14 oṣù Kíní 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró. Ẹni tó ń kọ ìkànnì kò lè máa dúró de gbogbo ayé. Kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ra ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe.

Akọ̀wé_Kóòdù | 3:15 ọ̀sán

@Agbèjà_Microsoft n kò fara mọ́ ọ. Ti ìtọ́jú Windows 7 òótọ́ ni, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe géèmù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn ti ń kọ fọ́ọ̀mù ni irú ṣọ́ọ̀bù yìí, lórí irú ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó kọ kóòdù yẹn yẹ kó mọ àwọn tó ń kọ ọ́ fún.

Àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó ìlà kan. Níbi tí wọ́n kọ `e.toSorted()` sí, kí wọ́n kọ `[...e].sort()`. sort ti wà nínú JavaScript látayé. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé sort ń to orúkọ níbi tí wọ́n wà gan-an, toSorted ń ṣe ẹ̀dà wọn kó tó tò wọ́n. Àwọn àmì mẹ́ta kékeré yẹn ló ń ṣe ẹ̀dà fún sort. Tàbí kí wọ́n so core-js mọ́ iṣẹ́ wọn, kó máa fi ohun tí browser àtijọ́ kò ní kún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ kóòdù ló rò pé Babel, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù tuntun di ti àtijọ́, á ti bá wa ṣe é. Babel ń tún gírámà kọ ni. Iṣẹ́ tí kò bá sí nínú browser, kò lè dá a sílẹ̀ láìsí core-js. Irú èyí kì í hàn sí ẹni tó kọ ọ́, nítorí Chrome tuntun ló wà lórí tábìlì tirẹ̀.

@Bàbá_Taípù, ẹ gbà mí láyè láti ta kò yín náà díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Firefox 115 yẹn, ọgbọ́n ká lè rí iṣẹ́ ṣe ni. Kò sọ Windows 7 di tuntun. Ihò tí àwọn olè bá rí nínú rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń dí i mọ́. Ẹ máa fi kọ fọ́ọ̀mù, ẹ máa fi tẹ ìwé. Ti báńkì, ẹ ṣe é lórí fóònù.

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | 4:37 ìrọ̀lẹ́

Ó ṢÍ O! Ó ṢÍ!! Mo fi Firefox yẹn sórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, fọ́ọ̀mù jáde wẹ́rẹ́, àpótí ìjọba ìbílẹ̀ tò gbọọrọ, mo yan Saki West, ó gbà. Ọmọ kan ti gba tirẹ̀ lọ. Mo ń fi sórí àwọn méjì yòókù lọ́wọ́ báyìí. Àǹtí, ẹ̀yin Ọmọ_Ọ̀tìgbà, bàbá, ẹ ò ní ṣìṣẹ́ láéláé.

Ìbéèrè kan kù: kí ni kí n ṣe sí àwọn ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ iwájú? Owó mẹ́ta tuntun kò sí lọ́wọ́. 4GB ni RAM méjì nínú wọn, ẹ̀kẹta 2GB.

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire, ọ̀gá mi. Ẹ má wulẹ̀ náwó sórí Windows 10 nísinsìnyí. 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni ọjọ́ tirẹ̀ náà pé. Windows 11 kò sì ní gba irú ẹ̀rọ yẹn, TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò tó ń béèrè, kò sí lára wọn.

Linux Mint ni mo máa ń fi sórí irú wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó jọ Windows lójú, Chrome àti Firefox tuntun ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní 2GB ló kéré tán, 4GB ló dára. Lórí 2GB, á máa wọ́. Tí ẹ bá lè pààrọ̀ hard disk rẹ̀ sí SSD kékeré, ẹ̀yin fúnra yín á rí ìyàtọ̀. Kí processor rẹ̀ sáà jẹ́ 64-bit.

Ṣùgbọ́n printer ni kí ẹ kọ́kọ́ rò! Àwọn printer kan kì í gbọ́ ti Linux, iṣẹ́ yín sì ni títẹ ìwé jáde. Mint ṣe é gbé sórí fláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tàn án bẹ́ẹ̀, ẹ so printer mọ́ ọn, ẹ tẹ ìwé kan jáde. Bó bá jáde, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá jáde, ẹ yọ fláàṣì, ẹ padà sí Windows yín, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin | 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti kọ́gbọ́n sà. Àǹtí Kóòdù, ẹ jọ̀ọ́, irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò ṣí lórí Opera Mini mi náà, fóònù mi sì tuntun. Ti bọ̀dá mi tó jẹ́ Android 6, ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń sọ fún un pé ìsopọ̀ rẹ̀ kò ní ààbò, ọjọ́ àti ọdún sì pé lórí ẹ̀.

Akọ̀wé_Kóòdù | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Opera Mini: tó bá wà lórí ọ̀nà ìfidátàpamọ́ tó le jù, fóònù rẹ kọ́ ló ń ka ojú-ìwé. Server Opera ló ń kà á, ló ń ṣe JavaScript rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló wá ń fún un pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Dátà á dín kù gan-an lóòótọ́, ìyẹn ló ṣe wọ́pọ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé tí JavaScript bá ń tò látòkè délẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ìdajì. Lọ sí ibi ètò rẹ̀, yí ọ̀nà náà padà sí èyí tó rọrùn tàbí kí o pa á fún ìgbà tí o bá ń kọ fọ́ọ̀mù.

Android 6 bọ̀dá rẹ: ìwé-ẹ̀rí ni. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ń gba ìwé-ẹ̀rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt. Gbòǹgbò, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí àgbà tí fóònù fi ń dá àwọn yòókù mọ̀, tí àwọn fóònù àtijọ́ mọ̀, DST Root CA X3, ti parí ní 30 oṣù Kẹsàn-án 2021. Gbòǹgbò tuntun ni ISRG Root X1, Android tó bá ti kéré sí 7.1.1 kò sì mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n fi ọgbọ́n kan gbé àwọn fóònù yẹn dé 2024, ọgbọ́n náà ti tán. Fi fóònù tìrẹ gba fáìlì ISRG Root X1 láti ìkànnì Let's Encrypt fúnra wọn, níbẹ̀ nìkan o, kí o fi ránṣẹ́ sí fóònù bọ̀dá rẹ. Fóònù tirẹ̀ lè má ṣí ìkànnì náà. Lórí fóònù náà, ẹ wọ ibi ètò ààbò, ẹ mú ìfìwé-ẹ̀rí-síi láti inú ibi ìpamọ́. Á ní kí ó fi pásíwọọ̀dù sí ojú fóònù kó tó gbà.

Oníkáfẹ̀_Ṣakí | Ọjọ́bọ̀, 8:04 àárọ̀

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbé e. Mo ti kọ ìmeèlì sí ilé-ẹ̀kọ́ náà: mo da ìlà pupa yẹn sínú rẹ̀, mo kọ Chrome 109, Windows 7, mo kọ ohun tí àǹtí ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i, àwọn ti gbé e lọ fún àwọn tó ń bójú tó ìkànnì.

Bàbá_Taípù | 9:15 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo wà lójú ìkànnì Mozilla báyìí, mo fẹ́ gba Firefox 115 yẹn. Ó ní kí n mú Windows 32-bit tàbí 64-bit. Èwo ni tèmi?

Ọmọ_Ọ̀tìgbà | 9:22 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ sà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ bọ́tìnì Pause lẹ́ẹ̀kan náà lórí kíìbọọ̀dù. Ojú-ewé kan á ṣí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ «System type» sí. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ mú. Bí kò bá yé yín, ẹ mú 32-bit, ó ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. 64-bit kò ní ṣí lórí 32. Kí ẹ rí i dájú pé 115 ESR ni ẹ mú o. Èyí tó tuntun jù á kọ̀ fún yín.

Bàbá_Taípù | 9:40 àárọ̀

32-bit ni. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣeun, ọmọ mi.